Ọjà Roboto Àárín Párísì

Òpó òkúta kan tí kò gbé òrùlé kankan ró fara ti ògiri Bourse de Commerce, ilé roboto kan ní àárín ìlú Párísì. Ó ga tó nǹkan bíi mítà 30. Àtẹ̀gùn lọ́ yípo nínú rẹ̀ dé òkè, ṣùgbọ́n kò sí yàrá tí àtẹ̀gùn náà já sí, àfi pèpéle tóóró kan tí wọ́n fi irin ṣe àgò lé lórí. Àwọn èrò tó ń sáré lọ wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ní Les Halles ń gba tòsí rẹ̀ kọjá láràárọ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í gbójú sókè wò ó. Òun sì ni àgbà níbẹ̀. Gbogbo ohun yòókù tí ojú ń rí lára ilé náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ.

Catherine de Médicis ló ni òpó náà, olorì Faransé tó wá di ìyá ọba mẹ́ta. Ní àwọn ọdún 1570 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ààfin tuntun síbẹ̀, wọ́n sì ń sọ pé Cosimo Ruggieri, awòràwọ̀ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Ítálì bíi tirẹ̀, ló máa ń gun òpó náà lóru láti wo ohun tí ìràwọ̀ ń sọ nípa ọ̀la. Bóyá ó gùn ún lóòótọ́, bóyá àhesọ ni, àwọn tó ń fi àlejò mọ̀nà ní Párísì kò ní jẹ́ kí ìtàn yẹn kú láéláé. Èyí tó kan tèmi ni bí ilẹ̀ ìyá ọba ṣe di ilẹ̀ ọjà.

Ní 1720, ààfin náà ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ọba Carignan, ẹni tí owó kì í pẹ́ lápò rẹ̀. Àkókò yẹn gan-an ni John Law, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó di alákòóso ìṣúná Faransé, ń ta ìpín ìdókòwò ilé-iṣẹ́ Mississippi fún olówó àti tálákà. Èrò tó ń rà tó ń tà pọ̀ débi pé wọ́n lé wọn kúrò ní àdúgbò kan bọ́ sí òmíràn. Ni Carignan bá kan ìsọ̀ onípákó sínú ọgbà ààfin rẹ̀, ó ń gba owó ìsọ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, ìpín náà di bébà lásán, owó ọ̀pọ̀ èèyàn sì wọlé kò jáde mọ́. Mo fẹ́ràn apá ìtàn yìí ju ti awòràwọ̀ lọ, torí ó fi hàn pé òwò orí bébà ti gbalẹ̀ níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé àpò ọkà kan débẹ̀. Gbèsè ni Carignan kú sí. Wọ́n wó ààfin náà ní 1748, wọ́n ta òkúta àti pákó rẹ̀. Òpó ìyá ọba ì bá bá a lọ, bí kì í bá ṣe òǹkọ̀wé kan, Louis Petit de Bachaumont, tó fi owó ara rẹ̀ rà á kí wọ́n má baà fọwọ́ kàn án.

Ìjọba ìlú ra ilẹ̀ tó ṣófo náà ní 1755. Oúnjẹ ni wọ́n ń rò. Búrẹ́dì ni mẹ̀kúnnù Párísì ń jẹ láàárọ̀ lálẹ́, ọjọ́ tí àlìkámà bá sì wọ́n, ìlú a dàrú, kò sí ọba tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Odò Seine kò jìnnà, ọkọ̀ ojú omi lè já ẹrù sí tòsí. Nicolas Le Camus de Mézières ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, ó sì kọ́ ọ láàárín 1763 sí 1767: ilé ọkà tí kò ní igun kankan, tó yípo, tí àgbàlá gbalasa wà láàárín rẹ̀, tí ẹnu ọ̀nà sì yí i ká kí kẹ̀kẹ́ ẹrù má baà tò jọ sójú kan. Nísàlẹ̀ ni wọ́n ti ń ta àlìkámà, óótì àti ìyẹ̀fun. Òkè ni wọ́n ń kó èyí tí kò tíì tà sí.

Ohun kan ṣẹ́kù láti ìgbà náà tí àlejò ṣì ń rí lónìí, ìyẹn àtẹ̀gùn olójú méjì. Ẹni tó dúró nísàlẹ̀ yóò rò pé ẹyọ àtẹ̀gùn kan ni òun ń wò, ṣùgbọ́n méjì ni wọ́n, wọ́n lọ́ mọ́ ara wọn láìpàdé láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àwọn alábàárù ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó ru àpò ìyẹ̀fun ń gba ọ̀kan gòkè, ẹni tó ti sọ ẹrù kalẹ̀ ń gba èkejì bọ̀, ẹnì kankan kò ní í kígbe "ẹ yà o" fún ẹnì kejì, àpò kankan kò sì ní í ya mọ́ ẹnì kankan lọ́rùn. Ẹni tó bá ti dúró wo alábàárù lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjà Bódìjà tàbí ní Mile 12 yóò mọ̀ pé Le Camus ti fara balẹ̀ wo àwọn tó ń ru ẹrù kó tó mú gègé. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ilé náà, títí kan èyí tí wọ́n fi owó ńlá ṣe lẹ́nu àìpẹ́ yìí, kò sí èyí tó wù mí tó àtẹ̀gùn yẹn.

Àgbàlá àárín kò ní òrùlé nígbà àkọ́kọ́, òjò kì í sì í bá ìyẹ̀fun ṣeré. Nígbà tó di 1783, àwọn ayàwòrán-ilé méjì, Legrand àti Molinos, ti fi pákó àti gíláàsì bò ó, òrùlé tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 39 láti etí dé etí, tó dé àgbàlá náà bí igbá tí a dojú rẹ̀ bolẹ̀, láìsí òpó kan láàárín. Àwọn èèyàn ń ti òkè òkun wá wò ó. Thomas Jefferson, tó jẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Faransé, débẹ̀ ní 1786, ó ní òun ń wá àpẹẹrẹ tí wọ́n lè fi kọ́ ọjà sí Richmond. Ibẹ̀ ló ti pàdé Maria Cosway, obìnrin ayàwòrán tí ọkàn rẹ̀ fà sí gidigidi, kò sì dájú pé ọjà Richmond ṣì wà lọ́kàn rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. Ṣùgbọ́n òrùlé náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tó jẹ ààrẹ, irú rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi bo gbọ̀ngàn àwọn aṣòfin ní Washington.

Ní 1802, òrùlé pákó náà jóná. Wọ́n ní oníṣẹ́ òjé kan tó wá ṣe àtúnṣe ló fi iná sílẹ̀ láìbojútó. Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba Napoléon kò fẹ́ gbọ́ orúkọ pákó mọ́. François-Joseph Bélanger dábàá irin, ẹnjiníà François Brunet sì bá a ṣírò ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan egungun òrùlé náà kí wọ́n tó rọ ọ́. Kí 1813 tó parí, òrùlé irin ti gorí ilé ọkà. Irú rẹ̀ kò tíì wọ́pọ̀ láyé ìgbà náà, torí irin jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń kọ́ afárá, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń bo orí èèyàn. Bàbà pẹlẹbẹ ni wọ́n kọ́kọ́ kàn mọ́ ọn, ó sì mú kí inú ilé ṣókùnkùn. Ní 1838 ni wọ́n fi gíláàsì rọ́pò púpọ̀ nínú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn rẹ̀. Victor Hugo fi òrùlé náà ṣẹ̀sín nínú ìwé rẹ̀ lórí Notre-Dame, ó ní fìlà àwọn tó ń fi ẹṣin sáré ìje ló jọ lójú òun. Egungun irin yẹn náà ló ṣì wà lókè títí di òní.

Ọkọ̀ ojú irin ló pa ọjà ọkà. Àwọn ilé ìlọ̀ ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìyẹ̀fun ránṣẹ́ tààrà sọ́dọ̀ àwọn oníbúrẹ́dì, kò sì sídìí fún ẹnikẹ́ni láti kó àpò wá sí àárín ìlú kó tún wá kó o jáde. Ní àwọn ọdún 1870, ilé náà ti dá páropáro.

Ní 1885 ni wọ́n gbé e lé Henri Blondel lọ́wọ́ kó sọ ọ́ di bourse, ibi tí àwọn alágbàtà yóò ti máa dúnàádúrà ọjà. Blondel bọ́ awọ ara ilé náà, ó fi egungun rẹ̀ sílẹ̀: òrùka inú, àtẹ̀gùn olójú méjì, òrùlé irin, àti òpó ìyá ọba tí kò sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n lè fi ṣe. Ó fi ògiri tuntun wọ̀ ọ́, ó kọ́ ẹnu ọ̀nà gàgàrà sí i, ó sì ṣe àpótí gíláàsì 24 sára ọ̀nà tó yí gbọ̀ngàn po, kí àwọn oníṣòwò lè máa pàtẹ ọjà wọn síbẹ̀. Oṣù kẹsàn-án 1889 ni wọ́n ṣí i, ọdún ìpàtẹ ọjà àgbáyé, ọdún kan náà tí ilé ìṣọ́ Eiffel jáde sójú ayé.

Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ilé ọkà àtijọ́ àti bourse tuntun yìí. Kò sí ọkà níbẹ̀ mọ́. Alágbàtà a mú ẹ̀kúnwọ́ àlìkámà wá nínú àpò kékeré, oníbàárà a dà á sí àtẹ́lẹwọ́, a gbóòórùn rẹ̀, wọn a sì dá iye lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpò tó wà ní èbúté, tàbí tó wà lójú òkun, tàbí tó ṣì wà lóko tí ẹnikẹ́ni kò tíì kórè. Wọ́n ń ta ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀, wọ́n ń ta epo, ọtí líle àti ṣúgà. Alábàárù kò ní iṣẹ́ kan ṣe níbẹ̀ mọ́. Ohùn ló ń ru ẹrù.

Bóyá torí pé ọjà gan-an kò sí nílé ni wọ́n ṣe fẹ́ kí àwòrán rẹ̀ wà lókè. Lábẹ́ òrùlé, yíká gbogbo gbọ̀ngàn náà, wọ́n lẹ àwòrán kan mọ́ ògiri tó gùn tó mítà 140 tó sì ga tó mítà 10, èyí tó jẹ́ 1,400 mítà onígun mẹ́rin. Alexis-Joseph Mazerolle ló ṣe olórí iṣẹ́ náà. Désiré-François Laugée kun Rọ́ṣíà àti àríwá ayé, Évariste-Vital Luminais kun Amẹ́ríkà, Georges Clairin kun Éṣíà àti Áfíríkà, Hippolyte Lucas kun Yúróòpù. Òwò láàárín ilẹ̀ ayé ni wọ́n ní kí wọ́n yà, wọ́n sì yà á bí àwọn tó sanwó fún un ṣe fẹ́ rí i. Yúróòpù wọ aṣọ, ó ní ẹ̀rọ, ó ní ọkọ̀ tó ń ta èéfín. Àwọn yòókù ní ara líle, wọ́n ní ẹrù, wọ́n sì ń dúró de ẹni tí yóò wá rà á.

Ọmọ Yorùbá kò lè gbójú sókè níbẹ̀ kó má rántí ohun tó ń lọ létíkun tiwa lọ́dún yẹn. Àjàṣẹ́ ti wà lábẹ́ ààbò Faransé, wọ́n ti ń fa ilẹ̀ Kutonu mọ́ Dáhọ̀mì lọ́wọ́, ogun sì bẹ́ sílẹ̀ ní 1890, nígbà tí àwòrán orí ògiri náà kò tíì pé ọdún méjì. Epo pupa àti ekuro ni wọ́n ń bá wá síbẹ̀, wọ́n sì ń fi wọ́n se ọṣẹ ní Marseille. Kò sí ohun tó fi ìyà àwọn tó ṣe epo náà hàn nínú àwòrán. Síbẹ̀, mi ò sí lára àwọn tó ní kí wọ́n fi aṣọ bò ó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn alágbàtà 1889 ṣe rí ayé, ìwé àkọsílẹ̀ òwò wọn kò lè sọ ọ́ ju bí ògiri yẹn ṣe sọ ọ́ lọ.

Ìdajì ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e kò ní ìtàn púpọ̀: wọ́n ń tà, wọ́n ń rà. Ní 1949, ìjọba ìlú fa ilé náà lé ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Párísì lọ́wọ́ fún fúránkì kan ṣoṣo. Ní 1969, ọjà oúnjẹ Les Halles tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó lọ sí Rungis lẹ́yìn ìlú. Wọ́n wó àwọn ahéré irin rẹ̀ tó lókìkí, wọ́n gbẹ́ kòtò ńlá síbẹ̀, wọ́n sì fi ilé ìtajà abẹ́ ilẹ̀ dí i ní 1979. Bourse nìkan ló kù nínú gbogbo ọjà àdúgbò náà.

Ṣúgà ló fi í sẹ́nu aráyé nígbà ìkẹyìn. Ní 1974, iye ṣúgà lórí ìwé fò sókè bí ẹni pé kò ní sọ̀ mọ́, àwọn èèyàn tí kò rí oko ìrèké rí láyé wọn ń yáwó láti fi ra ṣúgà tí wọn kò ní rí láéláé. Nígbà tó máa fi di ìparí ọdún náà, iye rẹ̀ já wálẹ̀, gbèsè bo ọ̀pọ̀, wọ́n sì ti ọjà ṣúgà Párísì pa fúngbà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn débi pé Jacques Rouffio fi ṣe fíìmù ní 1978, ó sì pè é ní Le Sucre. Ẹ wo bó ṣe jọ ti John Law! Orí ilẹ̀ kan náà, ọdún 254 láàárín wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kọ̀ǹpútà dé. Ẹni tó lè fi bọ́tìnì ta ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù àlìkámà kò nílò gbọ̀ngàn, kò nílò òrùlé irin, kò nílò àpò ẹ̀kúnwọ́ ọkà. Kí ọ̀rúndún ogún tó parí, igbe àwọn alágbàtà ti dákẹ́. Ẹgbẹ́ oníṣòwò sọ ibẹ̀ di ọ́fíìsì, ibi tí èèyàn ń lọ to ìlà láti gba fọ́ọ̀mù. Ìtàn ilé náà ni pé ọjà ń rẹ́ kúrò lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀: àpò ọkà di ẹ̀kúnwọ́, ẹ̀kúnwọ́ di ohùn, ohùn di nọ́ńbà lójú gíláàsì. Ilé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò sì wúlò fún nọ́ńbà.

Oníṣòwò mìíràn ló gbà á là. Wọ́n bí François Pinault ní 1936 ní agbègbè Brittany. Ó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ́mọ ọdún 16, òwò pákó ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Láti orí pákó ó bọ́ sórí ilé ìtajà, láti ibẹ̀ ó dé orí Gucci àti Saint Laurent, tí wọ́n wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Kering lónìí. Ní 1998 ó ra Christie's, ọ̀kan nínú àwọn ilé gbàǹjo iṣẹ́ ọnà méjì tó lágbára jù láyé. Iṣẹ́ ọnà tó ti kó jọ fún ara rẹ̀ lé ní 10,000. Ó kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ ilé fún wọn ní Île Seguin, erékùṣù inú odò Seine tí Renault ti ń ṣe mọ́tò tẹ́lẹ̀. Ó kéde rẹ̀ ní 2000, ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ fà lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ó tutọ́ sílẹ̀ ní 2005, ó sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Venice. Níbẹ̀ ló ti ṣí Palazzo Grassi ní 2006, ó sì ṣí Punta della Dogana ní 2009. Èyí èkejì jẹ́ ilé kọ́sítọ́ọ̀mù àtijọ́. Ojú ọkùnrin yìí kì í kúrò lára ilé tí ẹrù ti kọjá nínú rẹ̀ rí.

Párísì pè é padà. Ní 2016, Anne Hidalgo, olórí ìjọba ìlú, àti Pinault jọ kéde àdéhùn wọn: ìlú yóò gba Bourse de Commerce padà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ oníṣòwò, Pinault yóò yá a fún 50 ọdún, òun ni yóò sì gbé gbogbo ìnáwó àtúnṣe. Mílíọ̀nù 86 owó yúrò ni ìlú san fún ilé tó fi sílẹ̀ ní fúránkì kan. Àwọn ará Párísì kò dákẹ́ lórí ìyẹn, ó sì tọ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn ní ilé aráàlú ni wọ́n fà lé olówó lọ́wọ́. Àwọn mìíràn fèsì pé bí wọn kò bá fà á lé e lọ́wọ́, òtẹ́ẹ̀lì ni ì bá dà. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ní òótọ́ lẹ́nu, àmọ́ ẹni tó ń jàǹfààní jù nínú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Tadao Ando ni Pinault tún ké sí, òun náà ló tún ilé méjèèjì ti Venice ṣe. Ọmọ Ọ̀sákà ni, ó ti ja ẹ̀ṣẹ́ rí láti fi jẹun, kò sì kọ́ ilé yíyà ní yunifásítì kankan. Kò wó ohunkóhun tó jẹ́ ti àtijọ́. Àárín gbọ̀ngàn ló gbé ògiri kọnkéré roboto kan kalẹ̀ sí, tó ga tó mítà 9, tó sì fẹ̀ tó mítà 29, òrùka nínú òrùka. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn yóò rí i pé kọnkéré náà ń dán bí ara òkúta odò, ihò kéékèèké tí wọ́n fi de pákó mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń dà á sì tò lọ ní ìlà gbọọrọ, ìka á wọ inú wọn. Àtẹ̀gùn gba ara rẹ̀ gòkè, ọ̀nà ìrìn sì wà lórí rẹ̀ tó gbé àlejò súnmọ́ àwòrán 1889 ju bí àwọn alágbàtà ìgbà náà ṣe súnmọ́ ọn rí lọ. Àwọn amọ̀ṣẹ́ ti fọ èérí kúrò lára àwòrán náà. Nísàlẹ̀ ni gbọ̀ngàn eré oníjókòó 284 wà; lókè, ilé oúnjẹ kan tí Michel Bras àti Sébastien ọmọ rẹ̀ dá sílẹ̀ ń fi onírúurú ọkà dáná, wọ́n sì pè é ní La Halle aux grains. Ó kéré tán, ẹnì kan rántí ẹni tó kọ́kọ́ ni ilé.

Kòrónà dá ọjọ́ ìṣílé dúró léraléra. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún 2021, wọ́n ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú ìpàtẹ tí wọ́n pè ní Ouverture. Láàárín òrùka kọnkéré náà ni Urs Fischer gbé ère ńlá kan kalẹ̀ sí, tó dà bíi mábù funfun láti òkèèrè. Ère èèyàn mẹ́ta tó lọ́ mọ́ra wọn ni, èyí tí Giambologna gbẹ́ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún tí ojúlówó rẹ̀ wà ní Florence. Ṣùgbọ́n ìda ni Fischer fi ṣe tirẹ̀. Òwú wà nínú rẹ̀, wọ́n sì tan iná sí i lọ́jọ́ ìṣílé. Ère ọkùnrin kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró nítòsí, àga oríṣiríṣi yí wọn ká, títí kan àga inú ọkọ̀ òfuurufú, ìda ni gbogbo wọn, iná ń jó gbogbo wọn. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, apá ń já, orí ń yọ̀ dànù, ìda ń kán tótó sílẹ̀, ẹni tó bá wá lóṣù keje kò rí ohun tí ẹni tó wá lóṣù karùn-ún rí. Lábẹ́ àwòrán tí wọ́n yà kí òwò àwọn òyìnbó lè dà bí ohun tí kò ní lópin, mi ò rò pé èèyàn lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn iṣẹ́ David Hammons, ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, ló sì gba ibi tó le jù nínú ilé náà. Nǹkan bí 30 ni wọ́n kó jọ, irú èyí tí ilẹ̀ Yúróòpù kò tíì rí rí. Àsíá Amẹ́ríkà tó fi àwọ̀ pupa, dúdú àti ewé ṣe wà níbẹ̀, ó ya, ó sì ní ihò. Nínú yàrá kan tí àwòrán ọ̀nà òwò orí òkun wà lára ògiri rẹ̀ láti ayé àwọn alágbàtà, ó gbé àgò irin kan kalẹ̀, yàrá ẹlẹ́wọ̀n tí ó ní ilẹ̀kùn, tí ó kàn dúró síbẹ̀. Kò kọ ohunkóhun sára ògiri láti ṣàlàyé. Kò sì nílò rẹ̀. Kerry James Marshall wà nínú ìpàtẹ náà, Lynette Yiadom-Boakye tí àwọn òbí rẹ̀ ti Gánà wá sí Lọ́ńdọ̀nù náà wà níbẹ̀, Bertrand Lavier sì kó ohun tirẹ̀ sínú àpótí gíláàsì 24 tí Blondel ṣe fún ọjà. Ryan Gander ní tirẹ̀ lu ihò sí ìdí ògiri, ó fi èkúté kan síbẹ̀ tó ń yọrí jáde tó ń kólòlò. Ọmọdé ló kọ́kọ́ máa ń rí i. Ilé ọkà kò sì lè wà láìsí eku.

Ẹni tó bá ní Christie's, tó tún ní iṣẹ́ ọnà 10,000, tó sì ní ilé ìpàtẹ lábẹ́ òrùlé tó gbajúmọ̀ tó báyìí, gbogbo ohun tó bá gbé sábẹ́ òrùlé náà ló ń gbówó lórí sí i. Ìyẹn kò sí nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà tí wọ́n ń fún àlejò lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sí alágbàtà 1889 tí kò ní yé. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ọjà ti padà sílé. Iṣẹ́ ọnà jẹ́ ohun tí èèyàn ní láti dúró síwájú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e sójú kọ̀ǹpútà, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Láti ìgbà tí alábàárù ti sọ àpò ìkẹyìn kalẹ̀, kò tíì sí ìgbà tí ẹrù gidi pọ̀ nínú gbọ̀ngàn yẹn tó báyìí, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbé wọlé lóru, tí wọ́n ń kó jáde lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Wọn kò sì jẹ́ kí àárín òrùka náà sinmi. Ní 2024, Kimsooja láti Kòríà tẹ́ dígí bo gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, àwọn àlejò ń rìn lórí òrùlé irin Bélanger lábẹ́ ẹsẹ̀ ara wọn, àwọn obìnrin tó wọ síkẹ́ẹ̀tì sì ní láti kọ́kọ́ ronú. Ní 2025, fíìmù Arthur Jafa lórí ìgbésí ayé àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà kún ògiri kọnkéré náà, orin àti igbe rẹ̀ sì ń gòkè lọ bá àwòrán Áfíríkà tí Clairin kùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Céleste Boursier-Mougenot da omi sí àárín ilé, ó da àwọn abọ́ tánganran funfun sójú omi náà, wọ́n ń léfòó kiri, wọ́n ń kọlu ara wọn, ìró wọn ń dún.

Ní ti ògiri Ando, òfin ìtọ́jú ilé àtijọ́ ló mú kí wọ́n kọ́ ọ lọ́nà tí wọ́n lè gbà tú u kúrò láìba ohunkóhun jẹ́. Nígbà tí 50 ọdún bá pé, kọ́kọ́rọ́ yóò padà sọ́wọ́ ìjọba ìlú, àwọn iṣẹ́ ọnà yóò máa bá ẹni tó ni wọ́n lọ, àwọn ìgbìmọ̀ tí wọn kò tíì bí yóò sì jókòó láti pinnu bóyá kí kọnkéré náà dúró tàbí kí wọ́n kó o jáde, àti ohun tí wọn yóò tún máa tà níbẹ̀.